Kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ẹni tí o fẹ́ yà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Abẹ́òkúta ni mo ń gbé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi fóònù mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò. Fọ́tò mi máa ń mọ́ kedere, kì í rí bàìbàì, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń dá ojú dúró nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí n máa lo òfin ìdá mẹ́ta, mo sì ń lò ó, síbẹ̀ kò yàtọ̀. Mo fi mẹ́ta ránṣẹ́ sí yín: ti ìyá àgbà wa lẹ́nu ọ̀nà, ti obìnrin aláṣọ kan ní Ìtòkú, àti ti ìyàwó níbi ìnáwó kan. Kí ló kù tí n kò ṣe? Ṣé kí n tọ́jú owó ra kámẹ́rà ńlá ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú ìtara. Mo wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa. Fóònù rẹ kò ní àbùkù, ojú rẹ náà kò sì burú, nítorí o mọ ẹni tó yẹ ní yíyà. Ohun kan náà ló ń ṣe gbogbo wọn: bí o bá ti gbé fóònù sókè, ẹni tí o fẹ́ yà nìkan lo ń wò. Kámẹ́rà kì í wo ẹnì kan ṣoṣo. Ohun gbogbo tó bá wà níwájú rẹ̀ ló ń gbé, kò sì ní fi ọ̀kan ṣe pàtàkì ju èkejì lọ. Ìwọ lo ni iṣẹ́ yẹn, kí o tó tẹ̀ ẹ́ sì ni o gbọ́dọ̀ ti ṣe é.

Jẹ́ ká mú fọ́tò ìyá àgbà. Wọ́n jókòó lórí àpótí, wọ́n wé gèlè, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì lé itan, ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ sì bà wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ṣe yẹ. Àmọ́ òpó iná kan hù jáde láti orí gèlè wọn. Lápá òsì, ìdajì ọ̀kadà wọlé, táyà ẹ̀yìn àti ìjókòó nìkan la rí. Lápá ọ̀tún, apá ọmọ kan nà wọ inú fọ́tò, a kò rí ọmọ tó ni ín. Nísàlẹ̀, ní igun, kẹ́ẹ̀gì pupa kan wà. Mo gbé e fún ẹnìkan nínú ilé mi láìsọ nǹkan kan, ibi kẹ́ẹ̀gì yẹn lojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ.

Kò yà mí lẹ́nu. Ojú ènìyàn ní ibi tó máa ń sáré lọ. Ó ń sáré lọ síbi tó mọ́lẹ̀ jù tí àyíká rẹ̀ bá ṣókùnkùn, síbi tí àwọ̀ ti gbóná, pàápàá pupa, síbi tí ojú ènìyàn bíi tirẹ̀ wà, àti síbi tí a bá kọ nǹkan sí. Ìdí nìyẹn tí pátákó ìpolówó kò fi dára lẹ́yìn ẹnikẹ́ni: ẹni tó mọ̀wé kò lè rí lẹ́tà kó má kà á, kó tó kà á tán, ó ti kúrò lọ́dọ̀ ẹni tí o fẹ́ kó wò. Tí o bá ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mẹ́ta nínú fọ́tò kan, ojú á máa sáré káàkiri láàárín wọn ni. Èyí ni o ń rí tí o fi ní kò sí ohun tó ń dá ojú dúró.

O lè béèrè pé kí ló dé tí o kò rí òpó yẹn nígbà tí o dúró níbẹ̀. O rí i. Ṣùgbọ́n ojú méjèèjì rẹ ń sọ fún ọ pé ó jìnnà sí ìyá, pé ó wà lẹ́yìn ilé kejì, nítorí náà ọkàn rẹ fi í sílẹ̀. Fọ́tò pẹlẹbẹ ni. Bí nǹkan bá ti di fọ́tò, jíjìn ti parẹ́, ohun tó wà lẹ́yìn àti ohun tó wà níwájú ti lẹ̀ mọ́ ara wọn. Kí o tó tẹ̀ ẹ́, di ojú kan, kí o fi ọ̀kan yòókù wo ẹni náà àti ohun tó kan orí rẹ̀ àti èjìká rẹ̀. Bí kámẹ́rà ṣe máa rí i gan-an nìyẹn.

Ọ̀nà tí òpó yẹn máa fi kúrò kò ju ẹsẹ̀ rẹ lọ. Ohun tó bá dúró lóòró lẹ́yìn ènìyàn, bí òpó, igi tàbí férémù ilẹ̀kùn, sísún sí ẹ̀gbẹ́ ló ń mú un kúrò. Ìgbésẹ̀ kan sí méjì ti tó. Ohun tó bá dábùú, bí etí páànù tàbí orí fẹ́ǹsì tó gba ọrùn ènìyàn kọjá, bíbẹ̀rẹ̀ tàbí gígòkè ló ń mú un kúrò. Bí o bá bẹ̀rẹ̀, orí ẹni náà á bọ́ sí ojú ọ̀run tàbí ògiri òkè. Bí o bá gòkè, ilẹ̀ ni yóò di ẹ̀yìn rẹ̀. Pierre Verger, onífọ́tò ọmọ Faransé tó fi Salvador ní Brazil ṣe ilé láti 1946, tí wọ́n sì fún ní orúkọ Fátúnmbí nígbà tó di babaláwo ní ilẹ̀ Kétu, kámẹ́rà Rolleiflex ló ń lò. Òkè ni wọ́n ti ń wo inú rẹ̀, nítorí náà àyà tàbí ikùn ni wọ́n ń gbé e sí. Lẹ́ńsì ń wo ènìyàn láti ìsàlẹ̀ díẹ̀, ẹni náà a sì dúró gbọnrangandan nínú fọ́tò, pẹ̀lú iyì. Má ṣe máa dúró sí ibi gíga ojú rẹ nìkan. Ìyá àgbà lórí àpótí kéré ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí pé òkè lo ti wò wọ́n. Kúnlẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, fi ojú yí etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká. Ohun tó bá wà létí fọ́tò, kó wọlé tán tàbí kó jáde tán. Bí ó bá ti bọ́, tí o dé ilé kí o tó rí apá ọmọ yẹn, gé e kúrò, ẹnikẹ́ni kò ní bi ọ́. Henri Cartier-Bresson, onífọ́tò ọmọ Faransé tí gbogbo ayé mọ̀ sí ẹni tí kì í fẹ́ kí wọ́n gé fọ́tò òun, ó gé èyí tó yà ní 1932 lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin Saint-Lazare ní Paris, nítorí pé àlàfo ara ọgbà ló ti yọ lẹ́ńsì wo ọ̀hún. Ọkùnrin kan fò sókè lórí omi tó dúró sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kan omi, òjìji rẹ̀ sì ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí o kíyè sí wà lára ògiri tó wà lẹ́yìn: ìwé ìpolówó kan wà níbẹ̀ tó ní àwòrán oníjó tó fò bíi ti ọkùnrin yẹn, ó kàn kọjú sí ibòmíràn ni. Ẹ̀yìn fọ́tò ń ṣe iṣẹ́ níbẹ̀. Ó ń tún ọ̀rọ̀ iwájú sọ.

Wàyí o, òfin ìdá mẹ́ta tí wọ́n ní kí o máa lò. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ìlà méjì lóòró, ìlà méjì níbùú, wọ́n pín fọ́tò sí mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n á ní kí o gbé ẹni tí o ń yà sórí ibi tí ìlà ti pàdé. Ọ̀pọ̀ fóònù ní àwọn ìlà yìí nínú settings kámẹ́rà wọn, tan án sílẹ̀, ó dára, ìdí pàtàkì ni pé kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ rẹ dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, John Thomas Smith, ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn nínú ìwé ní 1797. Àwòrán ọlọ́dà nípa oko àti ojú ọ̀run ló ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Kámẹ́rà kò tíì dé ayé. Ní irú ibẹ̀ yẹn, ó wúlò gan-an. Bí o bá gun òkè Olúmọ tí o fẹ́ ya ìlú, má ṣe fi ìlà ojú ọ̀run pín fọ́tò sí ìdajì. Pinnu: ṣé òjò tó ṣú lo fẹ́ yà ni, àbí àwọn páànù tó ti dípata? Èyí tí ó bá jẹ́, fún un ní ìdá méjì nínú mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ fún àwọn ọ̀dọ́ báyìí, bí ẹni pé èèwọ̀ ni àárín fọ́tò, kò dùn mọ́ mi nínú. Bàbá J. D. ’Okhai Ojeikere, tí wọ́n bí ní 1930, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn àti Èkó, tí wọ́n sì kú ní 2014, bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò irun orí àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ní 1968. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan fọ́tò irun ni wọ́n fi sílẹ̀. Wá wọn wò. Orí wà láàárín, ẹ̀yìn orí tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ la sábà máa ń rí, ẹ̀yìn fọ́tò kò sì ní nǹkan kan, ó funfun tàbí ó rí bí eérú. Nítorí pé kò sí ohun mìíràn tí ojú lè sá lọ bá, ìlà tí wọ́n fi ìlarun là sáàárín irun a máa hàn bí ojú ọ̀nà, òwú dúdú tó na irun sókè a sì dúró bí ọ̀pá. Gbé orí yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọnà náà á fọ́, nítorí pé ìdọ́gba apá òsì àti apá ọ̀tún wà lára ohun tí onídìrí fi ọwọ́ ṣe.

Àwọn onífọ́tò wa àtijọ́ náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. O ti rí fọ́tò àwọn àgbà tí wọ́n fi kọ́ pálọ̀: bàbá tàbí ìyá jókòó láàárín, wọ́n kọjú sí kámẹ́rà tààrà, ọwọ́ méjèèjì lórí itan, agbádá tàbí ìró tẹ́ dáadáa, ẹsẹ̀ méjèèjì hàn dé bàtà. Onífọ́tò tó bá gé ẹsẹ̀ àgbà kúrò nígbà yẹn, wọ́n á dá fọ́tò náà padà fún un. Ipò ẹni náà láyé ni fọ́tò yẹn ń fi hàn, àárín ló sì bá ipò mu. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún láwọn ọdún 1970, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti lọ, onífọ́tò á ya èyí tó wà láàyè, á sì tẹ ọmọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó ti ara wọn. Bí èyí tó lọ bá jẹ́ ọkùnrin tí èyí tó kù sì jẹ́ obìnrin, wọ́n á wọ aṣọ obìnrin fún ọmọ náà yà á, wọ́n á tún wọ aṣọ ọkùnrin fún un. Iṣẹ́ ńlá ni kí ojú ìsopọ̀ láàárín má hàn, kí méjèèjì tóbi bákan náà, kí wọ́n jókòó ní ìpele kan. Bí ọ̀kan bá fi díẹ̀ ga ju èkejì, ọ̀rọ̀ tí fọ́tò ń sọ ti bàjẹ́. Nítorí náà, fi ìyá àgbà sí àárín. Ibi tí o fi wọ́n sí dára, àyíká wọn ni kò dára.

Fọ́tò kejì ló gbà mí lákòókò jù, nítorí ìṣòro rẹ̀ le ju ti òpó iná lọ. Obìnrin aláṣọ dúró nínú ìsọ̀ rẹ̀ ní Ìtòkú, àdìrẹ kọ́ sókè, àdìrẹ tò nísàlẹ̀, àdìrẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àdìrẹ náà ló sì wọ̀ sọ́rùn. O rí ohun tó rẹwà, o sì fẹ́ kó gbogbo rẹ̀. Nígbà tó di fọ́tò, obìnrin náà wọ inú aṣọ lọ, a ní láti wá a kí a tó rí i.

Àwọn kan á sọ fún ọ pé kí o má ya ọnà lórí ọnà láé. Irọ́ ni. Seydou Keïta, onífọ́tò ọmọ Mali, ṣí sítúdíò rẹ̀ ní Bamako ní 1948, aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ ta sẹ́yìn àwọn oníbàárà. Obìnrin tó wọ aṣọ ọlọ́nà láti òkè dé ilẹ̀ á jókòó síwájú aṣọ ọlọ́nà, kò sì sí ẹni tó sọnù. Wo bó ṣe ṣe é. Ojú àti ọwọ́ ènìyàn nìkan ni ibi tí kò ní ọnà nínú gbogbo fọ́tò náà, nítorí náà ibẹ̀ lojú ti ń sinmi. Ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ló sábà máa ń lò, ó sì ń jẹ́ kó ba ojú dáadáa. Ọnà ẹ̀yìn àti ọnà aṣọ kì í sábà tóbi bákan náà, ọ̀kan á fẹ̀, ọ̀kan á wẹ́, ìyẹn ni wọn kò fi dà pọ̀.

Ọ̀nà méjì ló wà fún ọ ní Ìtòkú, mú ọ̀kan. Èkíní, bẹ obìnrin náà kó jáde wá sẹ́nu ìsọ̀, kó kúrò lára aṣọ tó kọ́ ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta. Ìmọ́lẹ̀ ìta á ba ojú rẹ̀, inú ìsọ̀ á ṣókùnkùn lẹ́yìn rẹ̀, ọnà àwọn aṣọ á rọlẹ̀ di dúdú àti aró jíjìn. Fi ìka kan ojú rẹ̀ lórí fóònù, kí fóònù fi ojú yẹn wọn ìmọ́lẹ̀. Má gbára lé ètò Portrait tó ń sọ ẹ̀yìn di bàìbàì fúnra rẹ̀. Ó máa ń gé etí gèlè jẹ, àti pé ohun pupa tó bàìbàì ṣì jẹ́ pupa, ojú á ṣì lọ síbẹ̀.

Èkejì ni kí o gbà pé aṣọ lo ń yà, kì í ṣe obìnrin. Súnmọ́ ọn. Kí ọnà kún fọ́tò láti etí dé etí, kó má sí ojú ọ̀run, kó má sí ilẹ̀, kí ohun kan ṣoṣo sì já a: ọwọ́ rẹ̀ tó ń ṣí ìṣẹ́po aṣọ. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ àwọn aláró fúnra wọn, tí o rí ọwọ́ tí aró ti kùn dé ọrùn ọwọ́, tó di aṣọ funfun tí wọn kò tíì rẹ mú, o ti rí fọ́tò. Ohun tó bá ń tún ara rẹ̀ ṣe léraléra máa ń tu ojú lára, lẹ́yìn náà ó máa ń sú u. Ibi tí ó ti já ni ojú á dúró sí. Páànù àìlóǹkà láti orí Olúmọ náà rí bẹ́ẹ̀, wá ọ̀kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn tuntun láàárín wọn.

Okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí náà lè ràn ọ́ lọ́wọ́. Bí o bá kọjú sí i, ìlà kan tó dábùú fọ́tò lásán ni. Lọ dúró sí ìdí okùn, kó bẹ̀rẹ̀ létí fọ́tò lọ́dọ̀ rẹ, kó máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń sá aṣọ ní òpin rẹ̀. Ojú ń tọ ìlà. Rí i pé kì í ṣe òde fọ́tò ni ìlà náà ń mú un lọ.

Ti ìyàwó kò ní gbà wá lákòókò. Ó ń wo apá òsì, o sì gbé e mọ́ etí òsì, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri fọ́tò, àlàfo ńlá wá wà lẹ́yìn rẹ̀. Fi àlàfo sí ibi tí ènìyàn bá ń wò. O gé ọwọ́ rẹ̀ ní ọrùn ọwọ́. Bí o bá máa gé ara, má ṣe gé e ní oríkèé, gé e láàárín apá, ní ìbàdí, láàárín itan. Imú rẹ̀ tóbi ju bó ṣe rí lọ nítorí pé o súnmọ́ ọn jù pẹ̀lú lẹ́ńsì fóònù tó ń wo gbàgede. Sún sẹ́yìn tó mítà méjì, kí o tó wá lo zoom 2x. Jíjìn rẹ sí i ló ń tún ojú ṣe, zoom kàn ń gé àyíká kúrò. Àwọ̀ ewé tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kánópì ló fà á. Oòrùn ọ̀sán lọ́dọ̀ wa ń ti òkè pọ́nbélé wá, inú ojú á ṣókùnkùn lábẹ́ gèlè, ó sì dára kí o gbé ènìyàn sábẹ́ ìbòòji, ṣùgbọ́n abẹ́ kánópì funfun tàbí ìloro ilé ni. Kánópì aláwọ̀ ewé, pupa tàbí búlúù máa ń da àwọ̀ rẹ̀ sí ènìyàn lára, lèsì funfun ló sì kọ́kọ́ ń gbà á.

Bí o ṣe máa fi kọ́ra rèé. Mú ẹnì kan, ibì kan, má fi ọwọ́ kan zoom. Ya ẹni náà láti òsì, láti ọ̀tún, lórí ìkúnlẹ̀, láti orí àga, kó má yí padà, ìwọ ni kí o máa yí. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ kéré lójú fóònù bí wọ́n ṣe máa ń tò. Èyí tí o bá ṣì lè mọ ohun tó jẹ́ nígbà tó kéré bí èékánná, egungun rẹ̀ dúró dáadáa. Sọ èyí tí o fẹ́ràn jù di dúdú àti funfun. Bí kò bá sí ohun tó kù nínú rẹ̀ mọ́, àwọ̀ nìkan ló ń gbé e ró tẹ́lẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo ni Keïta sábà máa ń ya oníbàárà rẹ̀ nítorí pé fíìmù wọ́n, gbogbo yíyí orí àti títún ọwọ́ gbé ti parí kó tó tẹ̀ ẹ́. Fóònù ń jẹ́ kí a tẹ ogún kí a má wo ọ̀kan.

Ní ti kámẹ́rà ńlá, má tíì rà á. Kò sí ohun kan nínú gbogbo èyí tí fóònù rẹ kò lè ṣe. Ìgbà tí o bá ti ń rí etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìrán ara rẹ létí, tí fóònù sì wá ń dá ọ dúró, bóyá níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò tó, kí o wá àlòkù kámẹ́rà tó ń pààrọ̀ lẹ́ńsì, pẹ̀lú lẹ́ńsì 50mm kan. Lẹ́ńsì yẹn kò ní zoom, ẹsẹ̀ rẹ ni yóò máa ṣe é. Bí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ báyìí, lọ ra aṣọ yáàdì mẹ́ta tí kò ní ọnà, tí kì í dán, kó jẹ́ àwọ̀ eérú tàbí àwọ̀ ilẹ̀. Má ra sátíìnì, ó máa ń kọ mànà. Fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ kó má rún, kọ́ ọ sára ògiri ìloro níbi tí oòrùn kì í dé ṣùgbọ́n tí ojú ọ̀run ń mọ́lẹ̀ wọlé, kí o sì gbé àga sí mítà kan ààbọ̀ síwájú rẹ̀, kí òjìji ẹni tó bá jókòó má bàa bọ́ sára aṣọ.